Ta Ló Gbé Ọba Dìde?

Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá òkè náà ló ti ṣubú, àfi ọba.

Ẹsẹ̀ kan lára tábìlì ńlá àárín yàrá ti kán, tábìlì sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí ti yọ̀ bọ́ láti orí rẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ère amọ̀ kéékèèké tí kò ju àtàǹpàkò lọ fọ́n káàkiri bí ẹ̀pà tó dànù. Òmíràn ti kán lọ́rùn, òmíràn ti yí wọ abẹ́ àga. Ìgò íńkì pupa fọ́ sáàárín aṣọ náà, íńkì sì ti ṣàn débi tó wù ú kó tó gbẹ. Àárín íńkì gbígbẹ yìí ni ère ọba nàró sí gbọnrangandan, adé lórí, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnubodè kan tí wọ́n yà sí òkè aṣọ. Kò tó ìṣísẹ̀ méjì sí i ni wọ́n fi ẹfun yí ibi tí òkú sùn sí lánàá ká.

Obìnrin ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò tíì wọlé láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Farabalẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tó sáré gbẹ̀yìn. Ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá bí kò bá sí nítòsí, ti gòkè, ó ti sọ̀kalẹ̀, ó tún ti gòkè.

"Farabalẹ̀, ṣé o fẹ́ fi ère yẹn ṣe ọkọ ni? Ẹjọ́ ti tán. Télọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ló pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Ṣé ó jẹ́wọ́ ni, sà?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Aago mẹ́rin ni mo máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn ìpànìyàn. Tó bá ti dé ọ̀hún, ọwọ́ mi ti kúrò ńbẹ̀."

Farabalẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mọ́kànlá ti lù. Ó mọ ohun tí "ọ̀hún" ń jẹ́. Ó ti rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n tì mọ́lé kí wọ́n máa dúró de ìgbẹ́jọ́, tí wọ́n jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ, tí wọn ò jẹ̀bi ohunkóhun. Ọ̀kan nínú wọn, òun gan-an ló mú un, ó sì fi ìkánjú mú un ni. Ìdí tí kì í fi í sáré mọ́ nìyẹn.

Onítàn ni gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó kú náà sí. Tíṣà ìtàn ni nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń darí eré kan nínú yàrá yìí ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Àgbàlagbà mẹ́ta, àwọn tó tójú bọ́, tí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, á yí tábìlì ká. Oníkálukú á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni jagunjagun tàbí oníṣòwò nínú ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan láyé, Ilẹ̀ Ìkùukùu. Wọ́n á máa da dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ẹni tó borí, Onítàn á sì máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Farabalẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín pa á. Ìgbà tó wá rí bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ ya gbogbo odò àti ọ̀nà ilẹ̀ náà, tí wọ́n sọ gbogbo abúlé lórúkọ, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

Kíákíá na ìwé ńlá kan aláwọ̀ dúdú sí i. "Ìtàn ilẹ̀ wọn ló wà nínú ẹ̀. Inú àpótí abẹ́ maṣíìnì Télọ̀ la ti bá a, ó fi aṣọ wé e. Ka ìlà tó gbẹ̀yìn."

Farabalẹ̀ kà á. *Àbúrò ọba ló ṣí ẹnubodè fún ọ̀tá.*

"Ṣé o rí i báyìí? Baba mọ̀ pé àbúrò òun ń dìtẹ̀ mọ́ òun, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò rí i, ó tì í, baba forí gbá igun tábìlì. Ó bá gbé ìwé pa mọ́. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ ariwo wọn nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. 'Ẹ fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo ayé!' Ohùn Télọ̀ nìyẹn."

Ó dùn létí. Ẹjọ́ tó bá sì dùn létí jù, òun ló ń ba Farabalẹ̀ lẹ́rù jù.

"Sà, ta ló gbé ọba dìde?"

"Ọba wo?"

"Èyí tó wà nílẹ̀ yìí."

"Bóyá kò ṣubú ni."

Farabalẹ̀ wọlé wàyí. Ó lóṣòó, ó fi aṣọ ìnujú mú ère náà lórí, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n kankan. Ó yẹ àwọn ère yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Íńkì ta sí òmíràn lójú, ó ta sí òmíràn léjìká, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ íńkì nínú wọn. Ibi tí ọba dúró sí tẹ́lẹ̀ náà pọ́n bí àyíká rẹ̀ ṣe pọ́n.

"Íńkì ti dà kí ọba tó dúró, sà. Baba ti wà nílẹ̀. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín gbogbo rúgúdù yìí, kò mú nǹkan mìíràn, ère yìí nìkan ló gbé dìde."

Kíákíá họ orí. "Ṣé Télọ̀ ò lọ́wọ́ ni?"

"Ìyẹn ni mo fẹ́ lọ bi í."

"Aago mẹ́rin o, Farabalẹ̀. Mi ò ní lé e di márùn-ún."

*

Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú àtìmọ́lé, fọ́nrán òwú kan ṣì lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ó rù, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ibo lẹ wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín ṣubú, Baba Télọ̀?"

"Mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan. Kò sí nílé. Mo gbé e padà wá."

"Kò sẹ́ni tó rí yín?"

"Òjò ń rọ̀."

"Nígbà tí ẹ dé, kí lẹ fọwọ́ kàn nínú yàrá náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ ò fọwọ́ kan ère kankan?"

Télọ̀ gbójú sókè, inú bí i. "Ère? Ìyáàfin, mi ò bá wọn dé ìdí tábìlì yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀, ara ẹ̀ ti ń tutù, ẹ wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ère."

"Kí lẹ jà lé lórí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀?"

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. Farabalẹ̀ dúró títí. Ó ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó dákẹ́ láyé rẹ̀. Ìdákẹ́ olè yàtọ̀, ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà yàtọ̀. Kò mọ èwo ni èyí.

"Ẹ kọ ohun tó bá wù yín sílẹ̀," ni Télọ̀ sọ nígbà tó yá. Bí Farabalẹ̀ ti fẹ́ jáde, ó tún pè é padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti pa ojú ẹ̀ dé níbi tí wọ́n gbé e lọ? Kì í lè sùn bí iná bá wà lójú ẹ̀. Ojú tí ò rí ju òjìji lọ mọ́, iná ṣì ń dà á láàmú."

Farabalẹ̀ dúró. "Kò ríran mọ́?"

"Láti bí oṣù mẹ́jọ. Kò jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mọ bó ṣe le tó."

*

Méjì nínú àwọn eléré mẹ́ta náà ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ nígbà tí Farabalẹ̀ padà dé. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sanra, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Ìkejì jẹ́ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rin ọ̀nà jíjìn, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Farabalẹ̀ ní kí wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sáàárín àwọn aṣọ tí a kò tíì rán tán.

"Ẹ sọ̀rọ̀ ọba yìí fún mi," ló wí, ó gbé ère náà sórí maṣíìnì.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ọba Ẹlẹ́kún nìyẹn," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ní Ilẹ̀ Ìkùukùu, ọ̀tá yí olú ìlú ká fún oṣù mẹ́ta, wọn ò rọ́nà wọlé. Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkan ṣí ẹnubodè fún wọn látinú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá ọba nídìí ẹnubodè, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń sunkún. Wọ́n bi í títí, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Àbúrò ẹ̀ ló jọba lẹ́yìn ẹ̀, ìlú sì tòrò."

"Ta ló wá ṣí ẹnubodè?"

"Òun ni! Ṣebí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹni tí ò bá ṣe nǹkan á sọ̀rọ̀. Gbogbo ìdílé mi ló kú lóru ọjọ́ yẹn, màmá." Ó rí ojú Farabalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rín. "Ìdílé mi ti inú eré ni mo ń sọ o."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Dírẹ́bà wí. "Ọ̀mùtí lọba yẹn. Ó mutí yó, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn, ọ̀tá kàn tì í wọlé ni. Ilẹ̀ mọ́, ojú tì í. Èmi mọ dírẹ́bà tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára bọ́ọ̀sì báyìí, tí wọ́n wa bọ́ọ̀sì lọ. Ẹkún náà lòun náà sun."

"Ẹ ti ń jiyàn yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún?"

"Kò sí Sátidé tá ò jiyàn ẹ̀. Onítàn kì í dá sí i. Ó kàn ní àṣà kan tó gbé kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wọlé, kó tó jókòó, á kọ́kọ́ tún ọba gbé kalẹ̀ bó ṣe gbà á gbọ́. Èmi máa ń dojú ẹ̀ kọ ẹnubodè, kó máa wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀."

"Èmi á tẹ́ ẹ sílẹ̀," ni Dírẹ́bà wí, "kó rí oorun ọtí sùn."

"Akọ̀wé ńkọ́, ẹnìkẹta yín?"

"Akọ̀wé á gbé e dìde, á kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sí ẹnubodè. Ó ní ilẹ̀kùn ti ṣí kí ọba tó débẹ̀. Òun ni akọ̀wé ààfin nínú eré náà, bó ṣe jẹ́ akọ̀wé lójú ayé. Ó ti ń wá ẹ̀rí tó máa fi wẹ ọba mọ́ láti ọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀."

"Onítàn fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í fọwọ́ kan ọba láéláé. Ó ní ẹni tó mọ òótọ́ ò gbọdọ̀ dìbò."

Farabalẹ̀ rọra mí. "Sátidé tó kọjá, ta ló wọlé gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Mo pẹ́ ní wọ́ọ̀dù."

"Ẹnubodè ni ẹ wá fi ojú ọba sí títí ẹ fi túká?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Farabalẹ̀ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lọ́sàn-án àná, nígbà tí baba ṣubú. Nọ́ọ̀sì wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́ta. Dírẹ́bà wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò mọ́kànlélógójì. "Gbogbo wọn ló ń bú mi láti ibí dé ọ̀hún nítorí pé mi ò sáré. Ẹ bi wọ́n, wọn ò ní gbàgbé mi."

"Ohun kan ṣì wà," ni Nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Òní ló yẹ ká mọ òótọ́. Ojú Onítàn ń lọ, ó ní kóun tó fọ́jú pátá òun á sọ ẹni tó ṣí ẹnubodè. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó pè wá lórí fóònù pé òun ti fi í sínú àpòòwé, òun ti lẹ̀ ẹ́ pa, òun sì ti gbé e kọ́ sára ògiri dè wá."

"Kò sí àpòòwé kankan lára ògiri yẹn."

Dírẹ́bà yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣòfófó tí kò sì fẹ́ ṣòfófó. "Akọ̀wé bẹ baba ní Sátidé tó kọjá pé kó tiẹ̀ ta òun lólobó. Baba ní, 'Ó máa pa ọ́ lẹ́kún, ọmọ mi.' Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò lè jókòó mọ́. Ṣẹ́ ẹ rí i, wọ́n fẹ̀sùn kan bàbá tiẹ̀ náà níbi iṣẹ́ rí. Bàbá yẹn ò sọ nǹkan kan títí tó fi kú, Akọ̀wé ò sì gbà láé pé ó ṣe é."

Ojú Farabalẹ̀ ti kúrò lára wọn, ó ti lọ sára ìwé pẹlẹbẹ kan tó so rọ̀ lára ògiri, èyí tí Télọ̀ ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà sí. Ó já a, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé aláwọ̀ dúdú. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni. Lẹ́tà tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí òjò ń lé, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

*

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ni Farabalẹ̀ wí fún Télọ̀. Aago kan ti kọjá. "Ẹ̀gbọ́n yín ò ríran mọ́. Ó ń sọ, ẹ̀ ń kọ. Apànìyàn wo ló máa jókòó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ẹ̀sùn ara ẹ̀?"

Télọ̀ já fọ́nrán òwú kúrò lápá ẹ̀wù rẹ̀, ó ń wé e mọ́ ìka.

"Ọba yẹn, òun ni. Àbúrò ọba, ẹ̀yin ni. Ẹnubodè wo lẹ ṣí, Baba Télọ̀?"

"Ọmọ ogún ọdún ni mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ìbéèrè ìdánwò. Mo jí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ nílé ìwé, mo kó o. Ó rí mi nígbà tí mò ń jáde. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n bi í, ó kàn ń sunkún. Wọ́n lé e. Kò ṣe tíṣà mọ́ títí ayé, kò sì sọ fún ẹnì kan."

"Ohun tó fa ariwo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn."

"Ó ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sínú ìwé, ọ̀kan sínú àpòòwé. Ìgbà tí mo kọ ti àpòòwé tán, tí mo kọ ìlà àkọ́kọ́ sínú ìwé, ni mo tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo gbé ìwé pa mọ́. Ó ní, 'Ta ló máa mọ̀ ọ́n? Ìtàn lásán ni. Mo kàn fẹ́ kí ọba sinmi ni.'"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún ọ̀gá mi lánàá?"

Télọ̀ wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Kí n sọ̀rọ̀ kí n lè gba ara mi là? Òun ò sọ̀rọ̀ nígbà tèmi."

Farabalẹ̀ ní láti kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Ìdákẹ́ yìí, kò rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́.

*

Ọ́fíìsì tí Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun àti ti àwọn òkú sílẹ̀. Wọ́n máa ń ṣí i títí di aago mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ikú kì í gba ìsinmi. Akọ̀wé nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kọ́là rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bíro wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí tábìlì, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ òsì.

"Mo wá kọ orúkọ òkú kan sílẹ̀," ni Farabalẹ̀ wí.

Akọ̀wé mọ̀ ọ́n. Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó kọ orúkọ Onítàn, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ láìbéèrè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń kọ ohun tó fa ikú sí, ó gbé bíro sílẹ̀, ó mú pẹ́ńsùlù.

"Ohun tí ò bá tíì dá mi lójú, pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ọ́," ló wí. "Wọ́n ní àbúrò ẹ̀ wà ní àgọ́ yín."

"Ó wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa gbé e lọ." Farabalẹ̀ tọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó mú ère amọ̀ kékeré náà jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ojú rẹ̀ dé orí tábìlì. "Ẹ forí jì mí, nǹkan yìí ń gún mi nínú báàgì. Ọjọ́ wo lẹ dé yàrá òkè náà gbẹ̀yìn?"

"Sátidé tó kọjá. Mi ò débẹ̀ mọ́ láti..."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti lọ. Ó mú ọba, ó gbé e nàró, ó yí i kó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tán ló rí ohun tó ṣe. Ó fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ lórí adé náà, kò mú un kúrò.

Farabalẹ̀ ò gbé ohùn sókè. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe bá a nínú íńkì."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níta.

"Mo bẹ baba kó fún mi ni," ni Akọ̀wé wí. "Mo ní kó má jẹ́ kí n gbọ́ ọ níwájú àwọn méjì yẹn tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kí n dúró de ọjọ́ ẹ̀. Mo na ọwọ́ sí àpòòwé, ó dì mí lápá mú, mo já ara mi gbà. Mi ò mọ̀ pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Lẹ́yìn náà?"

"Gbogbo nǹkan ṣubú. Mo ṣáà rí ọba tó dojú bolẹ̀ nínú íńkì. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àpòòwé náà dà? Ẹ ti sun ún?"

Ó dà bí ẹni pé ìbéèrè yẹn dùn ún ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ. "Ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ mi, ìyáàfin." Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé àwọn òkú, ó fa àpòòwé kan yọ. Àmì ìka pupa kan wà lára rẹ̀. Kò tíì ṣí i. "Onítàn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí i. Àti pé mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó máa pa mí lẹ́kún."

"Ẹ ṣí i."

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí i, kí ẹ kà á sókè."

Akọ̀wé fi ọ̀bẹ ìwé ya á, díẹ̀díẹ̀, kó má baà já ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

"'Àbúrò ọba ló ṣí ẹnubodè fún ọ̀tá. Ọba bá a níbẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ ilé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Nínú gbogbo ìlú, akọ̀wé ààfin nìkan ṣoṣo ló gbà á gbọ́ láìrí ẹ̀rí.'"

Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ẹkún tó wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ ẹkún àgbàlagbà.

Àánú rẹ̀ ṣe Farabalẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílẹ̀ lánàá ṣì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá a sọ ọ́ bí òun kò bá sọ ọ́.

"Dókítà ní ó ṣì wà láàyè fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn tó ṣubú," ló wí. "Bí wọ́n bá ti pe èèyàn sí i, bóyá ì bá yè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ na ọwọ́. Ọba lẹ gbé dìde. Ẹ fi ènìyàn sílẹ̀."

Akọ̀wé nu ojú rẹ̀. Ó fa ìwé ńlá náà sún mọ́ra, ó gbé pẹ́ńsùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú bíro. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kọ ìlà náà tán, nítorí ó fẹ́ kó hàn kedere. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ti fèrèsé kí òjò má baà wọlé ba àwọn ìwé jẹ́.

*

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje ni Kíákíá fa ìwé ẹ̀sùn Télọ̀ ya. Kò bẹ̀bẹ̀, nítorí kì í ṣe irú rẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé Télọ̀ délé, ó sì rọra wà á.

Nọ́ọ̀sì àti Dírẹ́bà ti gba yàrá òkè. Wọ́n ti fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ tábìlì tó kán, wọ́n sì ti tẹ́ aṣọ náà padà pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀. Àga méjì ṣófo. Nígbà tí Télọ̀ gòkè dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di abala ilẹ̀kùn mú.

Farabalẹ̀ fi ère náà lé e lọ́wọ́. "Wọ́n ní ẹni tó bá ń wọlé ló ń gbé e kalẹ̀."

Télọ̀ wo àwọn tó jókòó. Ìtìjú tó ti gbé láti ogójì ọdún wà lójú rẹ̀ gbangba. "Èmi ni àbúrò ọba," ló wí fún wọn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín."

Kó tó jókòó, ó rìn lọ sídìí tábìlì. Kò dojú ọba kọ ẹnubodè, kò sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ jẹ́jẹ́, ó yí ojú rẹ̀ kúrò níbi tí iná wà. Nọ́ọ̀sì ò jiyàn. Dírẹ́bà ṣí fìlà lórí.

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi," ni Télọ̀ wí. "Ẹ sùn."